Ohun Tí N Kò Rí Sọ fún Sájẹ́ǹtì

Sájẹ́ǹtì, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣípéolú,
orúnkún mi ò gba ìdúró mọ́.
Ẹ ní ọmọbìnrin tí ẹ tì mọ́ ẹ̀yìn yẹn, háákà ni,
pé òun fúnra rẹ̀ ló lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀.
Olè wo ló ń kọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ síwájú orí?

Mo ra ẹ̀rọ kan lésìí,
tòkunbọ̀, láti Jámánì, ó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.
Ọjọ́ kẹta tó dé Ṣómólú ló yadi.
Ó ní ká tẹ nọ́ńbà kan,
nọ́ńbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lè kú sí ìlú òtútù.
Aṣojú ilé-iṣẹ́ wá láti Ìkẹjà pẹ̀lú táì,
kò tú nǹkan kan, ó kàn dá owó lé mi,
owó tó tó ra òmíràn.
Ọjọ́bọ̀ ni. Ìwé ìsìnkú Ìyá Akọrin wà nílẹ̀,
ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà,
òkú ò sì ní dúró de Jámánì.

Fèyíṣayọ̀ tó ń bá mi gé etí ìwé
bọ́ sálúbàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà
bí ẹni tó fẹ́ wọ yàrá aláìsàn.
Kò gbá ẹ̀rọ náà, kò bú u.
Ó tú ìdè kan, ó fi sórí bébà, ó kọ nọ́ńbà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́;
ó tú èkejì,
bí tẹ́lọ̀ ṣe ń tú ojú-rírán tí kò fẹ́ kí aṣọ ya.
Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi, Sájẹ́ǹtì, ó rẹ́rìn-ín,
ní aago mẹ́ta òru, nínú ooru, tí jẹnẹrétọ̀ ń wúkọ́.
“Bàbá, kò yadi o.
Wọ́n kọ́ ọ pé kó má dá àlejò lóhùn ni.”

Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó gé bébà fàdákà inú páálí sìgá
tín-ín-rín bí èékánná ọmọ titun,
ó fi tan ojú kan tí ẹ̀rọ náà fi ń ṣọ́ wa.
Ìyá Akọrin rẹ́rìn-ín sí wa ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà.

Ohun tí wọ́n ń pè ní háákì nìyẹn.
Bàbá mi ò gbọ́ Òyìnbó, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ fún un: tú.
Ẹ wo inú “túmọ̀”, òun ló jókòó síwájú.
Ẹni tí kò bá tú u, ìdì ló rù, kò mọ ohun tó rù.
Fífọ́ ni ti olè. Olè ò ní sùúrù ìdè;
tó bá rí fèrèsé, òkúta ló ń wá.

Mo ti ń to gbogbo èyí sẹ́nu
nígbà tí ẹ yọ fóònù kan nínú dúrọ́ọ̀ yín,
gíláàsì rẹ̀ ti sán,
àwòrán ọmọkùnrin kan àti ajá rẹ̀ lójú rẹ̀.
Ẹ ní kí wọ́n mú Fèyíṣayọ̀ wá. “Ṣí i fún mi, kí o máa lọ.”
Ó gbà á, ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ojú rẹ̀ tàn díẹ̀.
Mo mọ ojú yẹn. Ó lè ṣí i.
Ó ní, “Ta ló ni ín?”

Ẹ ò dáhùn.
Ó gbé e padà sórí tábìlì jẹ́ẹ́,
ó dojú rẹ̀ dé
kí ọmọkùnrin yẹn má baà máa wò wá.

Ó sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo san láàárọ̀,
èmi mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n láti òru Ọjọ́bọ̀ yẹn,
bí mo bá ti tan ẹ̀rọ Jámánì lówùúrọ̀,
gíláàsì kékeré iwájú rẹ̀ á kọ ọ́ ní Yorùbá,
pẹ̀lú àmì ohùn pípé:
Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá Ọlọ́wọ́dúdú.
Kò sẹ́ni tó rán an. Kò sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ lé e.
Ẹ bá mi wá ohun tó jí níbẹ̀.